Svilen Garvanov àti Ìkànnì tí Gbogbo Ayé Lè Kà

Bí ìgbéraga bá jẹ́ iyọ̀, Svilen Garvanov ì bá ti sọ odò ìlú Brezovets di òkun. Lójú ara rẹ̀, òun ni Ọ̀gá-pátápátá, Afìka-kan-kọ́-ìkànnì, Ẹwà-kò-gbọdọ̀-kọjá-tèmi. Lójú àwa ará ìlú, òun ni ọkùnrin tó kọ ìyìn ara rẹ̀ sórí ìkànnì ara rẹ̀, tó wá fi orúkọ oníbàárà mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò rí rí sábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ilé ìwòsàn ìlú fẹ́ ìkànnì tí aláìsàn yóò fi máa gba ọjọ́ tí yóò rí dókítà, ta ni wọn ì bá gbé e fún bí kò ṣe òun? Wọ́n ní kí ó bá fóònù kékeré mu, kí ó bá kọ̀ǹpútà ńlá mu, kí arúgbó àti afọ́jú sì lè lò ó. Svilen fọwọ́ sí ìwé pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ọjọ́ tí ìkànnì bá ṣí ni wọn yóò pa tẹlifóònù tí a fi ń pe ilé ìwòsàn tì.

Ọ̀rọ̀ tẹlifóònù yìí ló kó ìdààmú bá Tsonka Ruseva. Ọgbọ̀n ọdún ni ó fi so ìpè pọ̀ fún gbogbo ìlú ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kò sì tú àṣírí ẹnikẹ́ni rí. Ó ti tó ọdún méjìlá tí ojú rẹ̀ ti fọ́, fóònù rẹ̀ ló ń ka nǹkan sí i létí. Bí fóònù kò bá lè ka ìkànnì yìí, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ ni yóò máa bá a gba ọjọ́, ohun tí obìnrin yẹn bá sì gbọ́ láàárọ̀, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́ ọ kó tó di ọ̀sán. Àìsàn kan sì wà lára Tsonka tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, ló bá tọ Svilen lọ.

“Ọmọ mi, mi ò wá tọrọ ẹwà,” ló sọ fún un. “Kí àkọlé jẹ́ àkọlé, kí bọ́tìnnì jẹ́ bọ́tìnnì, kí ọ̀rọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀. Fóònù mi á ka ìyókù.”

Svilen rẹ́rìn-ín músẹ́. “Màmá, ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ HTML àti CSS tí a fi ń kọ́ ìkànnì kọjá ti àgbàlagbà. Ẹwà lọba, gbogbo ohun tó kù, ẹrú rẹ̀ ni.”

Irú lẹ́tà kan, tí wọ́n ń pè ní font, wà tí ọba ẹwà yìí rà láti Ítálì, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wuyì. Àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: àwọn tó ṣe é kò ṣe lẹ́tà tí àwa ará Bulgaria fi ń kọ̀wé sí i. Ẹlòmíràn ì bá wá lẹ́tà mìíràn. Svilen jókòó, ó fọwọ́ ya gbogbo ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ní irú lẹ́tà yẹn, ó sì gbé wọn sórí ìkànnì gẹ́gẹ́ bí àwòrán. Fọ́tò alága ìlú ló wà lókè pátápátá. Àkọlé, àwòrán. Ọjọ́ tí dókítà ń wá, àwòrán. Bọ́tìnnì pàápàá, àwòrán pupa kan báyìí ni. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ló fi díwọ̀n gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ṣí i lórí fóònù á máa fìka fà á lọ fà á bọ̀ bí ẹni ń lọ aṣọ.

Ẹ̀rọ tó ń yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò kọ̀ ọ́. Ó ní àwòrán kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ ìṣàpèjúwe tirẹ̀ lábẹ́nú. Àwòrán ogójì! Inú bí Svilen. Ọ̀rọ̀ tí ojú kì í rí, ta ni yóò kà á? Ó kọ ohun tó bá ṣáà ti wá sí i lọ́kàn, ẹ̀rọ rí i pé àyè kò ṣófo mọ́, ó sì gbà á wọlé.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, gbogbo wa pé sí gbọ̀ngàn ìlú. Lọ́dọ̀ wa, ìbáà ṣe afárá, ìbáà ṣe ìkànnì, a kì í ṣí i láìgé rìbọ́ọ̀nù, láìgbé búrẹ́dì àti iyọ̀ kalẹ̀. Wọ́n di rìbọ́ọ̀nù mọ́ kọ̀ǹpútà, Stamen Kolarov tí í ṣe alága ìlú gé e. Svilen ti tẹrí ba kí àtẹ́wọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Alága wá ní níwọ̀n ìgbà tí ìkànnì yìí jẹ́ ti gbogbo ayé, Tsonka ni kó kọ́kọ́ gba ọjọ́, ó sì gbé makirofóònù sún mọ́ fóònù rẹ̀ kí gbogbo gbọ̀ngàn lè gbọ́.

Ìgbà yìí ni Svilen rántí pé ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ni fóònù afọ́jú máa ń kà síta, ó sì rántí ohun tó kọ síbẹ̀. Ó dìde, ó ní, “Alága, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ búrẹ́dì.”

“Jókòó, Svilen. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ la fẹ́ gbọ́.”

“Àwòrán,” ni ohùn inú fóònù wí, ó mọ́ gaara. “Ojú alága, búrẹ́dì tí kò jinná.”

Tsonka fìka tẹ̀ ẹ́ síwájú.

“Àwòrán. Ìranù tí dókítà kọ. Àwòrán. Èyí wà fún ìyá afọ́jú tó ń yọ mí lẹ́nu. Àwòrán. Ó ti sú mi. Àwòrán. Ó ti sú mi. Àwòrán. Ó ti sú mi.”

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ni gbogbo ilé bá gbà á. Tsonka dúró títí ẹ̀rín fi lọ sílẹ̀.

“Svilen, ọmọ mi, níbo ni bọ́tìnnì wà?”

“Èyí tó pupa yẹn ni, Màmá.”

“O ṣeun. Tí mo bá ti débẹ̀, kó o sọ fún mi.”

Ẹ̀rín kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Alága bu búrẹ́dì, ó fi kan iyọ̀, ó nà án sí Svilen. “Tọ́ ọ wò,” ló wí. “Sọ fún wa bóyá ó jinná.” Ojú gbogbo wa ni Svilen ti jẹ ẹ́, ó sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti yọ ìkànnì náà kúrò, wọ́n sì dá tẹlifóònù padà. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá tún un kọ́, etí Tsonka ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Tsonka fúnra rẹ̀ pe ilé ìwòsàn, ó rí dókítà ní Ọjọ́bọ̀. Títí di òní, a kò mọ ohun tó ń ṣe é, kì í sì í ṣe pé ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ kò béèrè. Àìsàn Svilen nìkan ni gbogbo ìlú mọ̀.