Awakọ̀ Tó Rí Ààlà Nídìí Ilé Epo

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹjọ́ tí í mú àgbà gbàgbé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Ààfin wo? Gáréèjì Olóyè Fọlárìn ní Frisco, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà ni, níbi tí àga oyè ti fara ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko.

Àwọn ọmọ Òkè-Orógbó ló kún Irving, àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀-Orógbó ló wà ní Farmers Branch. Ilẹ̀ oko kan ni wọ́n ń jà sí nílé, wọ́n bá gbé ìjà náà wọ bàálù wá sí Dallas. Olóyè ra bọ́ọ̀sì kan kó máa gbé wọn pọ̀ lọ síbi iṣẹ́, kó máa gbé wọn bọ̀, bóyá wọn á lè máa kí ara wọn.

Fèyísọ́lá, nọ́ọ̀sì tó ń gbé Irving, ló pẹjọ́. Ó ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Láyíwọlá awakọ̀, ọmọ Ìsàlẹ̀-Orógbó, ló sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kẹta, Jessica tó jẹ́ ọ̀gá Fèyísọ́lá sì ní kó lọ jókòó sílé. Inú ń bí i débi pé kò lè jókòó.

"Olóyè, kí ẹ pẹ́ fún wa. A dé ilé epo tó wà láàárín Irving sí Farmers Branch, ló bá tẹ búréèkì, ló bá pariwo, ló bá pa ẹ́ńjìnnì. Ogójì ìṣẹ́jú!"

"Láyíwọlá, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Olóyè. 'Ààlà rèé o' ni mo pariwo. Ibẹ̀ ni ààlà. Ọmọ Òkè-Orógbó kì í wọ ilẹ̀ wa láìtọrọ àyè. Èmi gan-an ló bá wọn tọrọ ẹ̀, mo fi fóònù pe bàbá àgbà wa nílé."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní bàbá ń sun oorun ọ̀sán."

"Ta ló ní ibẹ̀ ni ààlà?"

"Igi ló wà ní ààlà nílé, Olóyè. Igi wà níbẹ̀ náà."

"Igi wo?"

"Òpó iná ni, ṣùgbọ́n ó dúró bí igi."

Gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Fèyísọ́lá kò rẹ́rìn-ín o.

Albert, èrò ọkọ̀ kan, dìde láti jẹ́rìí. "Irọ́ ni! 'Àlá rèé o' ló pariwo. Mo ní oorun ti gbé e lọ nídìí ọkọ̀, mo bá fọ́ ọ létí kó lè jí."

"Ìgbátí mélòó?"

"Mẹ́ta péré."

Ọ̀ṣunwùnmí, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń bọ òrìṣà, tó sì fi ìwé kọ́ Yorùbá, mi orí. "Rárá, sà. 'Àlà rèé o' ló wí. Mo rò pé aṣọ Ọbàtálá ló rí. Mo bọ́ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú mọ́tò."

"Òun gan-an ni ò jẹ́ kí n lè lọ!" ni Láyíwọlá ké.

"Ẹ gbà mí o!" Omi ti lé ròrò lójú Fèyísọ́lá. "Ọ̀kan rí ààlà, ọ̀kan gbọ́ àlá, ọ̀kan ń wá àlà. Iṣẹ́ tí mo fi ń bọ́ ọmọ mẹ́ta ló bọ́ lọ yẹn!"

Ẹ̀rín tán. Olóyè wúkọ́.

"Láyíwọlá, láti òní lọ, abẹ́ ìjókòó rẹ nínú bọ́ọ̀sì ni ààlà wà. Ibi tó o bá gbé e dé, ibẹ̀ ló dé. Èkejì: ìwọ lo rí ààlà, ìwọ ni wàá ṣe àlàyé. Láàárọ̀ ọ̀la, wàá dọ̀bálẹ̀ fún Jessica, wàá sì ro ìjà Orógbó fún un lédè òyìnbó, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. O ò gbọdọ̀ dìde títí yóò fi gba Fèyísọ́lá padà."

"Yéè! Olóyè, èmi fúnra mi ò mọ ohun tó dá ìjà náà sílẹ̀!"

Olóyè wo àwọn àgbà ìlú méjèèjì tó wà nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀ yíká, bóyá ẹnìkan mọ̀ ọ́n. Kálukú ń wo ilẹ̀.

"Á jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà á gùn," ni Olóyè wí. "Tètè jí."