Áísíkiriìmù Tí Mo Gbé Lọ Síbi Ìṣínu

Àǹtí Débọ́rà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí, ọjọ́ tí mo sì fẹ́ gbẹ̀san kò ní tán lọ́kàn mi títí n ó fi wọlẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ lábúlé wa lẹ́yìn Ẹgbẹ́dá nígbà náà. Wọ́n tọ́ ọbẹ̀ mi wò lójú gbogbo ẹbí, wọ́n yọ ṣíbí lẹ́nu, wọ́n ní, "Ìyàwó, níbo lo fi ata sí?" Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi wọ inú ìjọ tí èmi àti wọn jọ ń lọ. Èmi tí mo ṣe olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọsàn bíbó ni wọ́n ń fún mi ṣe ní gbogbo ìkórè. Wọn kì í jẹ́ kí n súnmọ́ ìkòkò. Ọsàn!

Lọ́dún tó kọjá, mo rí ọ̀nà. Kí ìkórè tó dé, ìjọ wa máa ń gba àwẹ̀ kan. Bí a bá ń ṣínu nírọ̀lẹ́, ohun tí iná ò kàn nìkan là ń jẹ. Ẹran, ẹja, ẹyin àti mílíìkì, èèwọ̀ ni. Ìbẹ́pẹ ti sú gbogbo wa. Ọmọ mi obìnrin tó wà lókè òkun, tí òun náà kì í fẹnu kan ohun tó ti ara ẹran wá, kọ́ mi lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń ṣe áísíkiriìmù láìlo mílíìkì, láìdáná: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n, àgbọn tí a rin tí a fún omi rẹ̀, àti dàbínù dípò ṣúgà. Mo sọ fún Ìyá Ìjọ. Wọ́n ní, "Ẹ gbé e wá, Ìyá Bọ́lá. Bó bá dùn, ẹ̀yin lẹ ó ṣe olórí ìdáná ìkórè."

Mo bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán, iná lọ. Ṣé àwọn tó ń pín iná yìí tilẹ̀ lójú àánú? Bíléńdà di ère. Mo da ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú odó, mo ń gún un bí iyán, ó ń ta sí mi lójú. Mo rin àgbọn, ó kù díẹ̀ kí n rin ìka mọ́ ọn.

Ibo ni yóò wá ti dì? Fìrísà kan ṣoṣo tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ṣeé gbójú lé ni ti obìnrin tó ń ta ẹja dídì ní Ẹgbẹ́dá. Mo gbé abọ́ lé itan lórí ọ̀kadà, mo gbé e lọ. Ọmọ mi ti ní kí n fi ọ̀rá dì í pinpin. Ọ̀rá kẹ̀? Ewé eéran ni ìyá tó bí mi fi ń bo oúnjẹ, ewé náà ni mo fi bò ó.

Nígbà tí mo padà lọ gbé e lọ́jọ́ kejì, ẹlẹ́ja ní, "Màmá, ṣé ẹ ti tọ́ ọ wò?"

"Mo wà nínú àwẹ̀. Ṣé kí n tìtorí áísíkiriìmù já a ni?"

Ó ti dì gbagidi. Òórùn ẹja tẹ̀ lé mi dé ilé ìjọsìn, ṣùgbọ́n mo rò pé ara aṣọ mi ló wà.

A gbàdúrà tán, Ìyá Ìjọ ní kí àgbà kọ́kọ́ jẹ. Ta ni àgbà? Àǹtí Débọ́rà ni. Wọ́n fi ṣíbí sẹ́nu, wọ́n dijú. Èmi ti ń rí ara mi nídìí ìkòkò ńlá. Wọ́n lajú, wọ́n yọ nǹkan kan láàárín eyín, wọ́n gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ìpẹ́ ẹja!

Bàbá kan kígbe lẹ́yìn, "Wòlíì, ṣé a ti já àwẹ̀ nìyẹn?"

Ẹ̀rín sọ. Àwọn tí ebi ń pa láti àárọ̀, ibo ni wọ́n ti rí agbára ẹ̀rín? Wòlíì pàápàá fi aṣọ bo ẹnu. Mo ń ṣàlàyé pé iná ló lọ, pé ẹlẹ́ja yẹn ò mọ ẹrù tò. Ta ló gbọ́?

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ohun tí ènìyàn ò bá lè tọ́ wò, kó má bù ú fún ọ̀tá rẹ̀. Bí mo bá dá wà, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó korò bí ewúro. Ṣùgbọ́n mi ò tíì dárí ji Àǹtí Débọ́rà. Lọ́jọ́ ìkórè, mo jókòó ti ọsàn mi, mo ń bó o. Àǹtí Débọ́rà rọra wá, wọ́n mú ọ̀kan lọ́wọ́ mi, wọ́n gbá mi léjìká, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, fọkàn balẹ̀. O kúkú ti rí ẹja fi sí i báyìí; ata ló kù."