Lyle Kì í Gba Àbẹ̀tẹ́lẹ̀

Ní Burbank, ìlú àwọn onífíìmù, ẹni tó bá ní igi lẹ́mọ́ọ̀nù lẹ́yìnkùlé kò nílò àwáwí kó tó kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Bẹ́ẹ̀ ni Arpi Manoukian ṣe dé ẹnu ọ̀nà Lyle Hutchins ní aago mẹ́ta ọ̀sán, lọ́jọ́ tí ìbò ère wúrà tí wọ́n fi ń dá fíìmù lọ́lá máa parí ní aago márùn-ún. Ọ̀rá lẹ́mọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, gáta, búrẹ́dì dídùn tí òun fúnra rẹ̀ yan, wà lọ́wọ́ kejì.

Lyle ti fi ogójì ọdún gé fíìmù àwọn darandaran oníbọn ayé àtijọ́, tó sì ń tò ó pọ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti fún ní ìbò nílùú yìí, sàréè nìkan ló lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Arpi ní tirẹ̀, kàtúùnù ló ń yà. Nínú kàtúùnù márùn-ún tó ń du ère, ti ilé iṣẹ́ wọn jẹ́ ọ̀kan: ọdún mẹ́rin ló fi pẹ́ńsù ya ìkookò inú rẹ̀. Ọ̀gá wọn ti sọ ọ́ pé bí wọ́n bá gba ère, gbogbo wọn á padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí wọn ò bá gbà á, òun á ta tábìlì tí wọ́n fi ń yàwòrán. Òfin sì ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tọrọ ìbò. Lyle mọ̀ pé Arpi ń yàwòrán, kò mọ èyí tó yà. Nítorí náà, Arpi ò wá bẹ̀bẹ̀. Ó kàn wá tẹ́tí ni.

"Kí nìyẹn lọ́wọ́ rẹ?" Lyle bi í láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn aláwọ̀n.

"Lẹ́mọ́ọ̀nù ni, ọ̀gá. Ó ti ń já lulẹ̀."

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Gáta ni. Mo fi bọ́tà sí i dáadáa."

Lyle gbé itọ́ mì, ó sì fà sẹ́yìn. "Gbé e padà. Olùdìbò ni mí. Títí di aago márùn-ún, mi ò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi obìnrin gbé ọbẹ̀ wá láàárọ̀, mo dá a padà."

"Ọmọ yín tó ń tọ́jú eyín? Kí ló kàn án nínú fíìmù?"

"Ẹni tó ń tọ́jú eyín mọ àwọn tó ní eyín. Fi í síta!"

Arpi gbé lẹ́mọ́ọ̀nù sórí àtẹ̀gùn. Gáta ní tirẹ̀, abẹ́ apá ló fi í sí, ó sì wọlé. Tẹlifíṣọ̀n ńlá kan dúró nílẹ̀ẹ́lẹ̀, irun ajá sì kún orí kápẹ́ẹ̀tì iwájú rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti dìbò?"

"Ó kù díẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Máràárùn-ún ni mo wò. Wo ibí yìí." Ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwòrán fíìmù márùn-ún tò síbẹ̀, àmì aláwọ̀ ewé sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀rọ yìí mọ olóòótọ́. Bí fíìmù ò bá tíì parí, kò ní fún ọ ní àmì. Láìsí àmì, kò sí ìbò."

Inú Arpi dùn débi pé ó gbàgbé láti jókòó. Ó ti wo ìkookò òun! "Ẹ má sọ ẹni tí ẹ máa dìbò fún fún mi o."

"Láéláé! Àṣírí ni. Ti àwọn ẹyẹ pẹ́ńgúìnì kọ́ ṣá."

"Kí ni pẹ́ńgúìnì ṣe?"

"Orin wọn ti pọ̀ jù. Wọ́n ń kọrin kí n tó wọ balùwẹ̀, wọ́n ṣì ń kọrin nígbà tí mo wẹ̀ tán."

"Ẹ ń wẹ̀ nígbà tí fíìmù ń lọ?"

"Ṣé ojú ni wọ́n fi ń gbọ́ orin níbi tí o ti wá?"

Arpi gbà pé etí ni. "Rọ́bọ́ọ̀tì tó ń dín ẹyin ńkọ́? Gbogbo ayé ló ń yìn ín."

"Ó yẹ kí wọ́n yìn ín! Ó dín ẹyin àkọ́kọ́, ebi dé sí mi. Mo dìde lọ dín tèmi. Nígbà tí mo fi máa jẹun tán, orúkọ àwọn tó ṣe é ló ń gòkè lọ. Fíìmù tó lè gbé àgbàlagbà dìde lórí àga, iṣẹ́ ńlá ni." Lyle sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àmọ́ èyí tí wọ́n fi amọ̀ ṣe yẹn, ti opó etíkun. Arpi, mo sunkún."

"Ó dùn lóòótọ́."

"Ibi tó ti di ife tíì mú lójú fèrèsé. Kò mì. Kò sọ̀rọ̀. Ogún ìṣẹ́jú gbáko!"

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Arpi ti wo fíìmù yẹn. Kí ènìyàn tó sín tán, opó yẹn á ti gbé ife sílẹ̀. "Ogún ìṣẹ́jú?"

"Ọmọ mi pè mí lórí fóònù. A sọ̀rọ̀ ọbẹ̀, a jà, a parí ìjà, mo gbójú sókè, ó ṣì di ife mú! Ìbànújẹ́ nìyẹn. Ta ló tún gbóyà bẹ́ẹ̀ nílùú yìí? Láyé tiwa, bí ẹṣin bá dúró mí lásán, wọ́n á ní kí n gé e dànù. Àti àwọn òpó funfun méjì yẹn!"

"Òpó wo?"

"Àárín ojú tẹlifíṣọ̀n gan-an. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò sì fara kanra. Òun àti ọkọ rẹ̀ tó kú nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi o, èmi ni mo fọgbọ́n orí gbé e."

Arpi fi eyín há ètè. "Ọ̀gá, nígbà tí ẹ ń gba fóònù, ibo ni rìmóòtù tí wọ́n fi ń dá fíìmù dúró wà?"

"Mo jókòó lé e. Kí ló dé?"

"Kò sí o." Ẹni tó ń retí ìdájọ́ kì í ko adájọ́ lójú. "Ti Japan wá ńkọ́?"

"Ó jinlẹ̀. Orí Gus, ajá mi, ló bo ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀, iwájú ibẹ̀ yẹn ni àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló nílò ọ̀rọ̀? Ó hàn pé ìyá rẹ̀ ni ọmọbìnrin yẹn ń wá."

"Ọkọ̀ ojú irin ló ń wá."

"Inú ọkọ̀ ojú irin ni ìyá rẹ̀ wà."

Ó wá ku ẹyọ kan. Arpi gbá gáta mọ́ra, ó bojú wolẹ̀, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tí kò kàn rárá: "Èyí tó ku yẹn, ti ìkookò àti darandaran tí ojú rẹ̀ ń fọ́ lọ?"

Ojú Lyle le koko. "Ìyẹn? Ìyẹn kì í ṣe fíìmù. Ọ̀ràn ni. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo fi í sí."

Arpi gbójú sókè. "Kí ló ṣe?"

"Ó ba kápẹ́ẹ̀tì mi jẹ́."

"Fíìmù?"

"Mo fẹ́ lọ rí dókítà tó ń tọ́jú orúnkún mi. Mo tan fíìmù náà, mo ní kí Gus bá mi máa wò ó lọ. Ìgbà tí mo fi máa dé, àmì aláwọ̀ ewé ti yọ, ìtọ̀ wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, Gus wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì fẹ́ jáde. Wo bó ṣe fi èékánná ha ojú tẹlifíṣọ̀n mi!"

"Ẹ ò sí nílé."

"Àmì wà níbẹ̀!"

Arpi ti ní èsì lẹ́nu, èsì tó gbóná, àmọ́ ojú rẹ̀ bọ́ sórí ibi tí ajá ha. Ó kúnlẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó fi ìka tọ́ ọ.

"Ìsàlẹ̀, lọ́wọ́ òsì," ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ibẹ̀ ló ti ń mu omi."

"Ta ló ń mu omi?"

"Ìkookò. Ó tẹrí sínú ọpọ́n darandaran, ó wá gbọ́ ohùn kan. Kò gbórí sókè o. Etí kan ṣoṣo ló yí sẹ́yìn. Mo ya etí yẹn títí ọwọ́ mi fi wú. Ọ̀gá wa ní kí n fi í sílẹ̀, pé kò sẹ́ni tó máa rí i." Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Gus rí i."

"Ìwọ lo yà á?"

"Èmi ni."

"Ìwọ lo ba kápẹ́ẹ̀tì mi jẹ́!" Lẹ́yìn náà ló wá yé e, ó sì di orí mú. "Ó parí! Bí mo bá dìbò fún ọ, wọ́n á ní torí pé aládùúgbò mi ni ọ́. Bí mi ò bá dì í, ìwọ á ní torí kápẹ́ẹ̀tì."

"Mi ò bẹ̀ yín fún ìbò. Ẹ wò ó ni. Kò gùn, aago márùn-ún ò ní tíì lù tí á fi parí. Bí a ò bá gba ère yìí, wọ́n á ta tábìlì wa, kò sì síbòmíràn tí wọ́n ti ń fi pẹ́ńsù yàwòrán tó máa gba ẹni ọjọ́ orí mi. Bí ẹ bá wò ó tí ẹ kórìíra rẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó."

"Kí n wò ó lẹ́ẹ̀mejì?" Ẹ̀rù ba Lyle lóòótọ́. "Àwọn yòókù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wò wọ́n! Ojúsàájú nìyẹn!"

Inú bí Arpi, ó dìde. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ bi ẹni tó wò ó!"

"Ta ni?"

"Gus!"

Ìbínú ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Lyle ò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ọwọ́ ha àgbọ̀n.

"Nígbà tí pẹ́ńgúìnì ń kọrin," ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, "ó sùn."

"Hẹ̀n-ẹ́n."

"Nígbà tí opó di ife mú, ó dìde lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ìgbẹ́ ló ń gbọ̀n ọ́n ni." Ó gbé kọ̀ǹpútà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó kọjú àwòrán máràárùn-ún sí ọ̀nà yàrá. "Ajá yẹn mọ fíìmù ju gbogbo àwọn tó ń bú fíìmù nínú ìwé ìròyìn lọ. Gus! Gus, máa bọ̀! Wọ́n ń dúró dè ọ́!"

Ajá arúgbó kan yọ jáde, etí rẹ̀ sọ wálẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó rọra yà fún un. Ó dé ọ̀dọ̀ Arpi, ó gbóòórùn ìka rẹ̀ títí, àwọn ìka tí dúdú pẹ́ńsù kì í bọ́ lára wọn mọ́, ó sì gbé àgbọ̀n lé e lẹ́sẹ̀.

Arpi gbàgbé ère, ó gbàgbé tábìlì. Àánú ajá yìí ló ṣe é, torí òun lòun dẹ́rù bà á. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu gáta lẹ́bàá, ó nà án sí i. "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi," ó ní. "Ó mà ṣe o. Mi ò mọ̀ pé o wà níbẹ̀." Gus la ẹnu.

Lyle, tí dókítà ní kó má tẹ orúnkún, fò kọjá lórí àga, ó já búrẹ́dì náà gbà lẹ́nu ajá.

"Arpi Manoukian! Ojú ò tì ọ́? Olùdìbò nìyẹn!"