Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì Nínú Ọkọ̀ Màmá Orímisàn

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará erékùṣù Ìgbòkun, ẹ gbọ́! Ẹni tó ń yan ẹja, kó dín iná kù. Ẹni tó ń tún àwọ̀n ṣe, kó ki abẹ́rẹ́ bọ irun, kó ṣí etí. Ẹ̀yin àlejò apọnbáàgì, ẹ̀yin tí ẹ gbé ilé yín pọ̀n wá bá wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ó kàn yín gan-an!

Baálẹ̀ Akínsẹ̀yìnwá ló rán mi. Àṣẹ ni mo gbé wá. Èmi kọ́ ni mo pa á.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àwọn àlejò ṣe pátì létí òkun. Wọ́n gbé sípíkà ńláńlá méjì kalẹ̀. Àgbọn ń jábọ́ láìsí ẹni tó gùn ún. Wọ́n rí ohun kan tó ga díẹ̀ lórí iyanrìn, wọ́n tẹ́ aṣọ pupa bò ó, wọ́n sọ ọ́ di pèpéle ijó. Ẹ̀yin ará, ọkọ̀ Màmá Orímisàn ni! Ọkọ̀ tí màmá dojú rẹ̀ dé kó lè gbẹ, kó tó fi ọ̀dà kùn ún. Nílẹ̀ yìí, ọmọ ọwọ́ mọ̀ pé ọkọ̀ tó dojú bolẹ̀ ń sùn ni. A kì í jókòó lé e. A kì í pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ká má tilẹ̀ wá sọ pé ká gun orí rẹ̀ jó!

Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ti là. Ọ̀la sì ni ẹja yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọjọ́ méje péré ló máa ń lò lọ́dọ̀ wa kó tó kọjá. Opó ni màmá, kò ní ọkọ̀ méjì. Bí ẹja yìí bá kọjá láìsí màmá lójú omi, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí ààrò rẹ̀ tó tún gbóná.

Inú bí Baálẹ̀ nígbà tó gbọ́. Ó bí i débi pé kò dúró kí màmá wá ro ẹjọ́. Lójú ẹsẹ̀ ló ní kí akọ̀wé mú ìwé. Ó ní ọ̀rọ̀ àlejò ti pọ̀ jù, òun yóò kúkú yanjú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àṣẹ kìn-ín-ní! Ẹni tó bá rí àlejò tó sùn sínú àwọ̀n láàárín igi àgbọn méjì, kó má ṣe gbà á là. Kò há. Òun fúnra rẹ̀ ló kó wọ ibẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Ẹ̀gbẹ́yẹmí fi ọ̀bẹ gé okùn, àlejò já lulẹ̀ gbì, bàbá ń wọ́n omi sí i lójú, ó ń kí i kú ewu. Ẹni tó bá tún gba àlejò là, yóò hun àwọ̀n tuntun, yóò sì sùn nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kó lè mọ̀ bóyá ó há.

Àṣẹ kejì! Báàgì tó wà lẹ́yìn àlejò kì í ṣe ọmọ. Kì í ṣe ọmọ! Ẹ yé kí wọn kú ewu ọmọ. Ẹ yé bi wọ́n bóyá ó ti sùn. Ìyá àgbà kan ti se àgbo fún báàgì. Àlejò mu ún, ó ní ó dùn, ó bèèrè fún òmíràn. Síbẹ̀, òfin ni òfin.

Àṣẹ kẹta! Ẹ̀yin tí ẹ ń sá ẹja, àlejò tó nà gbalaja sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja yín, ẹ má ṣe yí i padà. Mo tún un sọ, ẹ má ṣe yí i padà! Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá gbẹ, òun fúnra rẹ̀ yóò yí èkejì. Ẹni tó bá wọ́n iyọ̀ sí i, yóò pọn omi fún gbogbo àlejò títí òjò yóò fi rọ̀.

Àṣẹ kẹrin! Èyí ló wúwo jù. Ẹnikẹ́ni tó bá jó lórí ọkọ̀ Màmá Orímisàn, ìbáà ṣe àlejò, ìbáà ṣe onílé, ìbáà ṣe ẹni tí à ń dọ̀bálẹ̀ fún, yóò fi òwú àti ọ̀dà dí ibi tó là. Títí ọ̀dà yóò fi gbẹ, òun ni yóò máa wa màmá lọ sójú ẹja ní kùtùkùtù, nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Kò ní rán ẹnikẹ́ni. Kò ní ṣàìsàn! Baálẹ̀ ní kí n wí ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Kò ní ṣàìsàn!

Láàárọ̀ yìí, àlejò mẹ́fà jáde pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Wọ́n ní igi àtijọ́ làwọn pè é, kí màmá má bínú. Wọ́n ti wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n ń ha ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ọ̀dà ti dé imú wọn. Wọ́n ní àwọn méje làwọn jó. Èkeje jẹ́ àgbàlagbà kan. Wọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní òun ló mọ̀ ọ́n jó jù, òun ló sì ní kí wọ́n gbé ohùn sípíkà sókè.

Màmá Orímisàn sì fa nǹkan kan yọ níbi tí ọkọ̀ ti là. Ẹni tó bá mọ oní-nǹkan, kó sọ fún un. Bàtà ni. Ẹsẹ̀ òsì ni. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti funfun ló yí i ká, wọ́n sì fi ìlẹ̀kẹ̀ ya ẹyẹ òkun sí i níwájú. Gbogbo ìlú wò ó. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni ín. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀, èmi ni mo máa ń nù ún ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

Màmá gbé bàtà náà lọ sílé Baálẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn dáadáa, ó gbé e síwájú wọn. Ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi wá ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ ibí. Ọ̀la ni ẹja ń bọ̀.”

Baálẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ẹní. Àṣé bàbá rò pé òkun ló gbé bàtà òun lọ, wọ́n sì rò pé àwọn àlejò ló gbé pèpéle wọn wá láti òkè odò. Olóyè Ọ̀tún tètè dá sí i. Ó ní aṣọ pupa ni bàbá jó lé, kì í ṣe ọkọ̀, kí akọ̀wé yọ àṣẹ kẹrin kúrò. Akọ̀wé ti gbé bírò. Baálẹ̀ wo bàtà. Wọ́n wo màmá, tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n wá rọra na ẹsẹ̀ òsì jáde, kò sí bàtà níbẹ̀.

Wọ́n ní, “Ẹ má yọ ọ́. Ẹ kà á bó ṣe wà.”

Mo ti kà á bó ṣe wà.

Ó wá ku àṣẹ karùn-ún, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un, tí ìwé rẹ̀ ò tíì gbẹ. Lọ́la, tí ọkọ̀ Baálẹ̀ bá ṣí, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín létí omi. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí bàbá ti di àjẹ̀ mú. Bí ọkọ̀ bá ń yí po lójú kan, atẹ́gùn ni. Ẹ gbọ́ àbí ẹ ò gbọ́? Atẹ́gùn ni! Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, yóò wọkọ̀, yóò bá wọn wà á.

Àwọn àlejò bèèrè bóyá àwọn lè fi sípíkà dá bàbá lára yá bí wọ́n bá ń lọ. Màmá ní kò burú, ṣùgbọ́n kí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ọkọ̀ òun ṣì ń sùn.

Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tó wà lójú omi. Ẹnu mi ló jáde, inú mi kọ́ ló ti wá. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ. Iyanrìn ti kún inú bàtà kan, kò sì sẹ́lòmíràn tí yóò nù ún.