Alùpùpù Abẹ́ Ife

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá. Alùpùpù ló dá a sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ alùpùpù ọ̀hún kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ìyá Aránṣọ ló pe ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́, ọkọ rẹ̀ tó ń tún aago ọwọ́ ṣe. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni ọkùnrin yìí ti ń ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá. Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Mò ń to alùpùpù." Inú ìyàwó dùn. Ó yá a ní ẹ̀mú tó fi ń tu irun ojú, ó fún un ní kútẹ́sì pupa rẹ̀ kó fi kun ibi tó bá họ. Nígbà tí ayọ̀ wá kún àkúnya, ó fi kẹ̀kẹ́ tó ń gùn lọ sí ṣọ́ọ̀bù ta àbúrò rẹ̀ lọ́rẹ.

Lọ́jọ́ tí ọkọ pè é pé iṣẹ́ ti parí, ìyàwó ti wọ bàtà, ó ti gbé báàgì kọ́ apá. Orí tábìlì ló bá alùpùpù, ọkọ fi ife dé e nítorí eruku. Látìgbà náà, ẹsẹ̀ ló ń fi rìn. Kó tó dé ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà rẹ̀ á ti gbé aṣọ lọ fún aránṣọ mìíràn.

"Kí lo wá fẹ́?" ni Kábíyèsí bi í.

"Kí wọ́n fọ́ alùpùpù náà. Kẹ̀kẹ́ mi ti lọ, kí tiẹ̀ náà lọ."

Ọkọ dọ̀bálẹ̀, ó ní òun kò purọ́. Òun ní òun ń to alùpùpù, òun sì tò ó. Ṣéènì rẹ̀ ń yí, ìjánu rẹ̀ ń mú.

"Mo bi í bóyá ó máa gba èèyàn méjì," ni ìyàwó wí. "Ẹ bi í ní ohun tó sọ."

"Mo ní ó máa gbà. Ìjókòó méjì ló wà lórí rẹ̀, Kábíyèsí."

"Ta ló máa jókòó síbẹ̀?" ni ọba bèèrè.

"Alùpùpù yẹn pé pérépéré. Àwa la tóbi jù."

Ìjòyè kan wúkọ́ kó má baà rẹ́rìn-ín.

Ìyá ọkọ jẹ́rìí pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ohun ìṣeré ni, àfi ìyàwó tó ń wá ìjà.

"Ìyá," ni ìyàwó wí, "ṣebí ẹ̀yin lẹ gbààwẹ̀ kí ọmọ yín má baà ti orí alùpùpù ṣubú?"

"Ààwẹ̀ náà ṣiṣẹ́. Ṣé ó ṣubú?"

Onígbàjámọ̀ tó múlé tì wọ́n ní irọ́ ni, alùpùpù gidi ni, òun fojú òun rí ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

"Níbo lo ti rí i?"

"Nínú páálí ìṣáná."

"Nínú páálí ìṣáná, o ò sì bi í ní nǹkan kan?"

"Mo rò pé ti ìgbàlódé ni, Kábíyèsí. Ohun gbogbo ló ń kéré sí i."

Ọba mú alùpùpù tí wọ́n gbé wá síwájú rẹ̀, ó fi lé Ìyá Aránṣọ lọ́wọ́. "Fọ́ ọ fúnra rẹ."

Obìnrin náà gbé e sókè. Ó rí ìjókòó tí ọkọ rẹ̀ fi awọ rán, ojú rírán rẹ̀ wẹ́ ju tòun alára lọ. Ó rí táǹkì pupa tó ń dán. Ó pòṣé, ó rọra gbé e sílẹ̀.

"Mi ò lè fọ́ ọ. Gbogbo kútẹ́sì mi ló wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹwà ò gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù."

Kábíyèsí ní òótọ́ ni. Ó ní ọkọ ti sọ pé yóò gba èèyàn méjì, yóò sì gbà wọ́n.

"Láràárọ̀, wàá na alùpùpù rẹ síwájú, wàá pọn ìyàwó rẹ sẹ́yìn, wàá gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, títí o ó fi rí kẹ̀kẹ́ mìíràn fún un. Bí o bá dé kọ́ọ̀nà, fi ẹnu fun fèrè."

Ẹ̀rín pa gbogbo ààfin. Ọkọ ní òkè ńlá wà lọ́nà yẹn, àti pé látìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, ìyàwó kò fún òun lóúnjẹ àárọ̀ mọ́.

Ọba yíjú sí Ìyá Aránṣọ. "O gbọ́? Ẹni tó ń gùn ún ló ń rọ epo sí i. Bó bá kú sójú ọ̀nà, má padà wá síbí."

Láàárọ̀ òní, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Ìyá Aránṣọ ti dáná. Ó bu oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀, ó wo abọ́ náà, ó rántí òkè, ó sì tún bù sí i.