Àlejò Tó Fi Ààlè Ṣe Ẹ̀gbà Ọrùn

Ẹ sún mọ́ mi kí n bi yín léèrè. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa òwe olówe kiri ni, ẹ ò bi ara yín pé ta ló kọ́kọ́ pa á, kí ló sì ṣe é tó fi pa á. Ó dáa, Láníhùn ni.

Láníhùn ni olùgbàlejò ìlú Ìdí-Ẹmì. Ẹnubodè ni ilé rẹ̀ wà, ọba ló sì fi í síbẹ̀ kí ó máa gba ẹnikẹ́ni tó bá wọ̀lú, kí ó fún un ní ibùsùn, kí ó sì kọ́ ọ ní òfin ìlú kó má baà ṣìwà hù. Ogún ọdún ló ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ má fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà. Ẹ má wẹ̀ níbi tí a ti ń pọn omi mímu. Ẹ má kí ọba lórí ìdúró. Bí àlejò bá ti ń mi orí bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, Láníhùn ti mọ̀ pé kò gbọ́ ẹyọ kan.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Kọ̀mbàrá tó jìnnà réré ń wá ọ̀nà tuntun tí wọn yóò máa gbà wá ra òrí. Wọ́n rán ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tìkárì ṣáájú kó wá wò ó bóyá Ìdí-Ẹmì ṣeé gbà kọjá láìséwu. Ọba ránṣẹ́ pe Láníhùn. Ó ní, “Lọ́jọ́ kẹta tó bá dé, kí oòrùn tó kan àtàrí, mo fẹ́ rí ọkùnrin náà níwájú mi, kí ara rẹ̀ mọ́, kí ara rẹ̀ le, kí ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó ẹrù rẹ kúrò nílé ẹnubodè.” Inú ilé yẹn ni Láníhùn bí gbogbo ọmọ rẹ̀ sí. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Tìkárì dé, ó mú ìwé kan dání. Ìmọ̀ràn ni àwọn ará ilé rẹ̀ kọ síbẹ̀ fún ẹni tó bá ń bọ̀ ní ilẹ̀ wa. Wọ́n ní kó má mu omi tí kò bá hó, nítorí náà ó ní kí Àwẹ̀ró, ìyàwó Láníhùn, se omi, ó ní kó tún un sè, ó ní kó tún un sè lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n ní kó má jẹ oúnjẹ tí kò rí bí wọ́n ṣe sè é, nítorí náà ó gbé àpótí sí ìdí àdògán, ó jókòó ti obìnrin náà, èéfín sì ń fín àwọn méjèèjì lójú. Wọ́n ní kó ṣọ́ra fún olè. Èyí ló burú jù. Ó sùn lórí ẹrù rẹ̀, ó gbé ẹrù lọ sí balùwẹ̀, bí ẹnìkan bá ní “ẹ káàárọ̀,” ọwọ́ rẹ̀ á lọ sí àpò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà sú Láníhùn. “Àlejò mi, fọkàn balẹ̀. Olè kì í jà níbí. Ṣé o rí ìdì igi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà yẹn, tí wọ́n so àjákù òòyà mọ́? Ààlè ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó so ó nìkan ló lè tú u. Ohunkóhun tí ààlè bá ti wà lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé e.”

Ojú Tìkárì là. “Ẹnikẹ́ni?”

“Ẹnikẹ́ni.”

“Kódà láàárín ọjà?”

“Kódà láàárín ọjà.”

Tìkárì mú ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Inú Láníhùn dùn. Láti ogún ọdún, àlejò àkọ́kọ́ tó fi ọ̀rọ̀ òun sọ́kàn nìyí. Ó sùn àsùnhanrun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kẹta, ẹní Tìkárì ti ṣófo. Kí Láníhùn tó bọ́jú, Ìyá Mọlẹ́wà amọ̀kòkò ti dé ẹnu ọ̀nà. “Láníhùn, ta ló tú òòyà mi lára igi? Wọ́n ti kó igi náà lọ tán, wọ́n ní àwọn rò pé n kò fẹ́ ẹ mọ́.” Kò tíì dákẹ́ tí Òjélàdé àgbẹ̀ fi dé: ìkarahun ìgbín tó so mọ́ òkìtì iṣu rẹ̀ ti pòórá, ewúrẹ́ àti ènìyàn sì ti jọ pín iṣu náà. Ẹlòmíràn ń wá àkísà pupa, ẹlòmíràn ń wá ṣùkù àgbàdo. Láníhùn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. Ó ṣì ń bẹ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ ariwo láti ibi tí àwọn amọ̀kòkò ti ń wa amọ̀.

Tìkárì ni wọ́n bá nínú kòtò amọ̀, ẹrẹ̀ mù ún dé ìbàdí. Gbogbo ààlè ìlú Ìdí-Ẹmì ló wà lọ́rùn rẹ̀, ó so wọ́n jọ bí ẹ̀gbà. Ó ń rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Òótọ́ lẹ sọ. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo ti já sínú kòtò yìí, àwọn èèyàn yìí ń wò mí, ẹnìkan ò fọwọ́ kàn mí.”

Láníhùn ò mọ̀ bóyá kí òun sunkún ni tàbí kí òun bọ́ sínú ẹrẹ̀ náà bá a. Ó yíjú sí àwọn tó dúró yí kòtò ká, tí wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn. “Ẹ̀yin náà, ẹ fà á jáde.”

“Ta ni kó fà á?” Òjélàdé dáhùn. “Ìwọ ò rí ọrùn rẹ̀ ni? Ṣé kí wọ́n pè mí lólè?”

Láníhùn sáré mú okùn wá. Ìyá Mọlẹ́wà gba okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. “Okùn ni o, ọwọ́ ni o, ohun tí ààlè bá wà lára rẹ̀, bí o bá gbé e kúrò níbi tó wà, o jí i nìyẹn. Àbí ìwọ kọ́ lo ń kọ́ àwọn àlejò bẹ́ẹ̀?”

Láníhùn ló ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n gbé pákó sórí ẹrẹ̀, àwọn olóhun sì ń gun orí rẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kálukú tú tirẹ̀. Ìyá Mọlẹ́wà kọ́kọ́ bú Tìkárì dáadáa kó tó tú òòyà. Òjélàdé ní àfi kí wọ́n dárúkọ ewúrẹ́ tó jẹ iṣu òun. Oòrùn ń gòkè. Ẹrẹ̀ ti dé àyà àlejò. Láníhùn ń wo òkè, ó ń wo ìsàlẹ̀, ó ń ronú ibi tí yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Níkẹyìn ó ku ẹyọ kan ṣoṣo lọ́rùn Tìkárì, àjákù bàtà kan báyìí. Wọ́n béèrè olóhun, kò sẹ́ni tó dáhùn. Inú bí Láníhùn. “Ta ni aláìbìkítà tó so bàtà rádaràda yìí mọ́ nǹkan, tí kò wá tú u? Ọ̀lẹ ni. Ìríra èèyàn ni. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, màá wọ́ ọ lọ sáàfin.”

Àwẹ̀ró ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, ó ru omi híhó tí àlejò fẹ́ mu. Ó na ọrùn wo inú kòtò, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. “Bàbá Adélàní, bàtà yín ni.”

“Bàtà mi wo?”

“Èyí tí ẹ so mọ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa láti ọdún kẹta. Abẹ́ rẹ̀ lẹ ń gbà lọ wẹ̀ lójoojúmọ́.”

Láníhùn gun pákó, ó tú bàtà rẹ̀, wọ́n sì fa Tìkárì jáde. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì rẹ́rìn-ín dé ààfin.

Oòrùn ti kan àtàrí. Ọba wo àlejò tó wọ ẹrẹ̀ bí ẹ̀wù. “Láníhùn, mo ní kí ara rẹ̀ mọ́.” Tìkárì kò jẹ́ kó dáhùn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ti rin ìlú mọ́kànlá, kò sí èyí tó ní ààbò tó yìí. Ọba ní bí àwọn oníṣòwò bá dé lẹ́yìn òjò, kí Láníhùn máa gbé inú ilé ẹnubodè nìṣó. Bí wọn ò bá dé, kó jáde. Láníhùn di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó fi gbogbo ìgbà òjò jókòó tì í.

Òjò dá. Lọ́jọ́ kan Láníhùn rí eruku lọ́nà, ó sì dìde. Àwọn ará Kọ̀mbàrá ni, ogójì èèyàn pẹ̀lú ẹrù wọn, Tìkárì ló ṣáájú. Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Láníhùn ṣubú. Wọ́n wá sún mọ́ tòsí. Ọkùnrin kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ogójì náà ló so àjákù bàtà kọ́rùn.

Láníhùn rọra padà jókòó. “Àwẹ̀ró, tú ẹrù wa, ilé ṣì jẹ́ tiwa. Kí o sì wá wo nǹkan níta. Àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.”

Àwẹ̀ró ní, “Onílé ńkọ́?”

Àwọn àgbà gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì, wọ́n sì fi tìyàwó pamọ́ nítorí ọ̀wọ̀ Láníhùn. Nítorí náà, bí ẹ bá pàdé àlejò tó so àjákù bàtà kọ́rùn, ẹ má bínú sí i. Àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kí ẹ kàn yẹ bàtà náà wò dáadáa ni, ó lè jẹ́ tiyín.