Kúlíkúlí fún Ẹni Tó Bá Rí Àṣìṣe Tíṣà

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo ti gbàgbé nínú iṣẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pè mí ní onírọ́ lójú àwọn òbí wọn, bí mo bá di arúgbó tó ń tẹ̀pá, n ó ṣì máa rántí rẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ́ wọn.

Iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mo ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Ṣakí. Tẹ́lẹ̀, ọmọ lè jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi fún odidi ọdún kí n má mọ orúkọ rẹ̀. "Ìwọ ojú fèrèsé yẹn" ni mo ń pè wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n pín ilé-ẹ̀kọ́ náà sí kéékèèké nínú ọgbà kan náà, kí tíṣà lè mọ àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí a dán an wò ná. Bí àwọn òbí kò bá fẹ́ ẹ, a ó da àwọn ọmọ pa dà sínú èrò. Wọ́n wá kó àwa tíṣà lọ sí Ìsẹ́yìn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Obìnrin tó kọ́ wa níbẹ̀ ní kí a máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe lójú pátákó, kí àwọn ọmọ lè máa la ẹnu sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ náà tọwọ́tẹsẹ̀.

Bí mo ṣe pa dà dé, mo kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó pé abẹ́ ilẹ̀ ni àgbàdo ti ń so, bí iṣu. Mo dúró, mo ń retí ariwo. Ọmọ àgbẹ̀ ni gbogbo wọn o! Gbogbo wọn dorí kodò, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé. Mo lọ bá Sìdíkátù, ọmọbìnrin kan tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí títí tí a fi pín ilé-ẹ̀kọ́.

"Sìdíkátù, ṣé o ti wú àgbàdo nílẹ̀ rí?"

"Rárá, sà."

"Kí ló dé tó o wá ń kọ ọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, sà."

Ìdáhùn yẹn bà mí nínú jẹ́. Mo ro iye irọ́ tí mo ti lè kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ láìmọ̀, tí wọ́n ń wí pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà". Ni mo bá lọ ra kúlíkúlí. Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá ká mi mọ́ àṣìṣe, kó pariwo "Irọ́ ni, sà!", kó wá gba tirẹ̀.

Ẹ ò rí ọgbọ́n àgbà? Kúlíkúlí la ẹnu tí ìmọ̀ràn kò lè là. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ọmọ mi ń dọdẹ àṣìṣe bí ẹni ń dọdẹ òkété. Pírínsípà wa, ìyá jẹ́jẹ́ kan, kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ kú Ọjọ́rú ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. "Irọ́ ni, mà!" ni kíláàsì mi fi dáhùn, wọ́n sì na ọwọ́ sí mi fún kúlíkúlí níbi tí mo ti ń wá ibi tí n ó fi ojú sí.

Wọ́n gbé e délé. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ń búra fún oníbàárà pé aṣọ òun kì í ṣá, ọmọ rẹ̀ ní, "Irọ́ ni, Màámi, tiwa ti ṣá." Àwọn òbí fárígá. Wọ́n pe ìpàdé, ọ̀gá kan sì wá láti Ìbàdàn láti gbọ́ bóyá kí a tú ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké náà ká. Mo rí Sìdíkátù lọ́kàn mi, tó ń pa dà lọ sí ẹ̀yìn kíláàsì, tó ń dákẹ́. Ẹ̀rù bà mí gidi.

Nígbà tó kàn mí, mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde. "Ẹ̀yin òbí wa, mi ò fi iṣẹ́ yìí ṣeré. Mi ò pẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ rí."

"Irọ́ ni, sà!" Ojú fèrèsé ni ohùn ti wá. Àwọn ọmọ mi ló kún ibẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni Bàbá Sìdíkátù dìde, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lọ́nà Àgọ́-Àmọ̀dù. Mo ní ó ti parí fún mi.

"Mo fẹ́ fọ́n oògùn koríko sí oko ẹ̀wà mi," ló wí. "Ọmọ mi ka ara ike rẹ̀, ó ní, 'Irọ́ ni, Bàbá, ti àgbàdo ni, ó máa pa ẹ̀wà.' Mo gbá a létí. Mo fọ́n ọn. Ẹ̀wà náà ti kú." Ó yíjú sí mi. "Ohun tó sọ dáa. Bó ṣe sọ ọ́ ni mi ò lè gbà. Bọ́mọdé bá pòwe lójú àgbà, ṣebí tótó ló máa ń ṣe? Tíṣà, ẹ kọ́ wọn ní tótó. Ẹ má pa wọ́n lẹ́nu mọ́."

Ojú mi kún fún omi. Ọ̀gá tó wá láti Ìbàdàn bi àwọn òbí léèrè ẹni tó fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké náà dúró, gbogbo wọn sì nawọ́ sókè. Ìyá aláṣọ ló nawọ́ kẹ́yìn: "Ṣùgbọ́n kí tótó náà má dé ìsọ̀ mi o."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹnu tí tíṣà bá là ní kíláàsì, ó ń bá ọmọ relé, ó sì yẹ kí n ti lọ bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ kó tó débẹ̀. Ní báyìí, mo máa ń sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ tuntun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ ọ́ dé ibi tí gbogbo ẹ̀wà ti kú pátá. Sìdíkátù, tó ti wà ní kíláàsì àṣejáde báyìí, ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀.

"Tótó o, sà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló kú. Oògùn tán kó tó kan ìlà tó kẹ́yìn. Èso rẹ̀ la gbìn lọ́dún yìí."

Mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀fun fi ń dùn mí, mo sì ti ọwọ́ bọ àpò. Kò sí kúlíkúlí níbẹ̀.